Ẹjọ́ Àmì Abẹ́ Lẹ́tà

Ẹ ti fura, ẹ kò sì jẹ̀bi: ẹ̀rọ náà máa ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Gbogbo ìlú Bèbè-Ẹrinlẹ̀ ló fura bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn ń fi í sínú ni, torí ilẹ̀kùn ń gbọ́, ẹ̀rọ omi ń gbọ́, àtùpà orí òpó náà ń gbọ́. Ta ni yóò dúró níṣojú etí, tí yóò wá sọ pé etí di?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀kún Láníhùn dúró níwájú Ilé Etí, níbi tí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ fún gbogbo ìlú wà, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì dárúkọ ara rẹ̀ fún ilẹ̀kùn. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù a máa sọ orúkọ kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn á ṣí, wọ́n á wọlé lọ. Kì í ṣe Láníhùn.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀kún Láníhùn, Alátùn-únṣe Àgbà, ẹni tó hun Àwọ̀n."

Ilẹ̀kùn ti mọ̀ ọ́n. Ó dúró kó ki ara rẹ̀ tán kó tó ṣí.

Ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbẹ̀, agogo wẹ́wẹ́ kan so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó mì ín lẹ́ẹ̀mejì. Bí àwọn tí ìlú ti yọ ohùn wọn ṣe ń bẹ èrò ọ̀nà nìyẹn, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá àwọn bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀. Wọn kò yadi o. Ẹnu wọn dá ṣáká, wọ́n lè kọrin fún ọ bí o bá fẹ́. Ẹ̀rọ ni kò gbọ́ wọn mọ́. Ẹ̀rọ omi kò ní dá wọn lóhùn, ọkọ̀ kò ní dúró gbé wọn, ilé ìwòsàn kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wọlé. Láníhùn wo agogo náà bí ẹni wo eṣinṣin, ó kọjá, ilẹ̀kùn sì tì lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú yàrá ìgbọ́hùn, Fẹ́hìntọ́lá ti jókòó. Òun ni igbákejì. Ó ti ń ṣe igbákejì láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri, ó sì ti wá funfun báyìí. Gíláàsì pẹlẹbẹ kan wà níwájú rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ tí Etí bá gbọ́ ti máa ń hàn. Láníhùn kì í wo gíláàsì náà. Ó ní ẹni tó bá ní etí kì í fi ojú gbọ́ràn.

"Ẹ kú àárọ̀, Ọ̀gá. Ẹjọ́ kan ló wà. Tí agogo méjìlá bá lù láìjẹ́ pé a yí i padà, wọ́n á yọ ohùn ọkùnrin náà."

"Ọkùnrin wo?"

"Ọláòṣebìkan, ẹ̀ṣọ́ ibodè omi."

"Èyí tó ṣẹ́ ọ̀pá? Ẹjọ́ yẹn ti parí. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

"Ìyàwó rẹ̀ ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀."

Láníhùn rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbogbo ìyàwó ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́. Ta ló buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀?"

"Èmi ni, Ọ̀gá."

Ẹ̀rín náà kú. Láníhùn wo igbákejì rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rí i. Ó ku oṣù méjì kí Ìgbìmọ̀ ìlú tún yan Alátùn-únṣe Àgbà. Ẹnì kan kì í ṣàdédé gbé irú ẹjọ́ báyìí sílẹ̀ fún ènìyàn ní irú àsìkò yẹn. Láníhùn mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀fìn. Wọ́n máa ń fi ewé tútù bò ó ni.

"Pè wọ́n wọlé," ló wí.

Tọkọtaya náà wọlé. Ọkùnrin náà tín-ínrín, ìyàwó rẹ̀ ga jù ú lọ ní orí kan. Wọ́n ti fi ọ̀já aṣọ pupa di ẹnu ọkùnrin náà, torí òfin ni pé ẹni tí wọ́n bá ń ṣẹjọ́ ohùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ìyàwó rẹ̀, Ṣìjúadé, ló kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́, Mà."

"Dìde. Etí, gbé ẹ̀rí rẹ̀ jáde."

Ohùn Ṣìjúadé fúnra rẹ̀ jáde láti ara ògiri. Ariwo èrò wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì yára. Ìgbà tó dákẹ́, Fẹ́hìntọ́lá ka ohun tí Etí kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà: "Wọ́n gbé ọ̀pá ibodè omi wá síwájú ọkọ mi, ó sì ṣẹ́ ẹ lójú gbogbo wa."

"N kò wí bẹ́ẹ̀!" Ṣìjúadé fò síwájú. "Sẹ́ ni mo wí! Ó sẹ́ ẹ! Wọ́n gbé ọ̀pá tó ti dá sí méjì wá, wọ́n ní ṣé òun ló ṣe é, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọkọ mi sẹ́ ọ̀pá. Kò ṣẹ́ ọ̀pá. Ẹ gbọ́, Bàbá?"

"Mo gbọ́," ni Láníhùn wí. "O pariwo."

"Ọ̀gá," Fẹ́hìntọ́lá dá sí i, "irin ni ọ̀pá náà. Ó tó ọrùn ẹsẹ̀ mi ní sísanra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọkùnrin yìí. Tí wọ́n bá gbé ìrèké fún un, ọ̀bẹ ni yóò kọ́kọ́ béèrè."

Ọláòṣebìkan mi orí lábẹ́ ọ̀já. Kò hàn bóyá ó ń gbè é ni àbí ó ń bínú.

"Àwọ̀n kì í wo apá ènìyàn," ni Láníhùn dáhùn. "Etí, fi hàn wá bí o ṣe rò ó."

Ògiri tàn. Àwọ̀n hàn lára rẹ̀, okùn lórí okùn, kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó: orúkọ ènìyàn, orúkọ ilé, orúkọ gbogbo ohun tí ọwọ́ ń dì mú. Okùn ló ń sọ ohun tí à ń fi kí ni ṣe. Iṣu, à ń gún un. Aṣọ, à ń rán an. Láti ara ọ̀pá, okùn kan lọ sára ṣẹ́, ó nípọn bí okùn ìdákọ̀ró. Òmíràn lọ sára sẹ́, ó tín-ínrín bí òwú aláǹtakùn. Ohùn Etí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó tutù, kò yára.

"Mo kọ́kọ́ gbọ́ sẹ́. Mo wo Àwọ̀n. Ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ló ti ṣẹ́ ọ̀pá níwájú mi. Ẹnì kan kò tíì sẹ́ ọ̀pá rí. Mo tún wo ilé ẹlẹ́rìí. Ìbàdàn ni. Ahọ́n Ìbàdàn kì í ní ṣ. Mo fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà."

"Ó ti tán," ni Láníhùn wí. Ó fẹ́ràn apá yìí jù. "Ṣé o rí i, ìyàwó Ọláòṣebìkan? Kì í ṣe ìkà. Ìmọ̀ ni. Èmi ni mo so okùn yẹn."

"Ta ló ní Ìbàdàn ni mí?"

"Àwọ̀n ló sọ ọ́."

"Àwọ̀n parọ́. Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti dàgbà. Ìdílé ọkọ mi ló jẹ́ ará Ìbàdàn."

"Nínú Àwọ̀n, ilé ọkọ ni ilé obìnrin."

Ṣìjúadé wo ògiri, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wá wo Láníhùn. "Bàbá, èmi ni mo lọ́kọ. Ahọ́n mi kò lọ́kọ."

Fẹ́hìntọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu, ikọ́ kan tí kì í ṣe ikọ́ sì gbà á. Láníhùn kò rẹ́rìn-ín. Ó ń rò ó. Obìnrin tó gbọ́n báyìí, ṣé òun nìkan ló dá a rò? Ta ló kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ? Ó bojú wẹ̀yìn wo igbákejì rẹ̀; igbákejì rẹ̀ ti padà sídìí gíláàsì.

"Ó dára," ló wí. "A ó dán an wò. Etí, ká Àwọ̀n kúrò."

"Mo ti ká a," ni Etí wí. "Láti ìsinsìnyí lọ, ohun tí mo bá gbọ́ ni n ó kọ, ẹnu ẹnikẹ́ni tí ì báà ti jáde. N kò ní tún un ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Ìyàwó Ọláòṣebìkan, wí tẹ̀lé mi. Ṣìjúadé fi ìṣasùn se ìṣápá, ó ṣí i sílẹ̀, ó sì sùn lọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ìṣasùn ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ níhìn-ín?"

"Wí i."

"Ṣìjúadé fi ìṣasùn se ìṣápá, ó ṣí i sílẹ̀, ó sì sùn lọ. Ṣùgbọ́n n kì í sùn sídìí ọbẹ̀ o, Bàbá. Ẹ má kọ ìyẹn náà mọ́ mi lọ́rùn."

Gbogbo ojú yí sí Fẹ́hìntọ́lá. Obìnrin náà wo gíláàsì rẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ìlà méjì ló ń kà, kì í ṣe ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè. "Ti ẹlẹ́rìí pé. S dúró sí àyè s, ṣ dúró sí àyè ṣ. Kò ṣi ẹyọ kan."

"Mo ti gbọ́ ọ kí o tó kà á," ni Láníhùn wí.

Aago ara ògiri fi hàn pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

Láníhùn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ká yàrá náà. Ọ̀rọ̀ ti wá dé ibi tó ń dun ènìyàn. Obìnrin yìí kò parọ́. Ọkọ rẹ̀ kò ṣẹ́ nǹkan kan. Tí wọ́n bá yọ ohùn ọkùnrin náà lọ́sàn-án yìí, yóò lọ so agogo mọ́wọ́ fún ohun tí kò ṣe. Ṣùgbọ́n Àwọ̀n kì í gba àtúnṣe kan kó sinmi. Bí o bá kọ́ ọ ní ohun tuntun lónìí, yóò fi í wo àná, yóò fi í wo ìjẹrin, yóò tún gbogbo ẹ̀rí tó ti gbà láti ọdún mẹ́tàlélógún kà. Mélòó ni sẹ́ tó ti di ṣẹ́ níbẹ̀? Mélòó ni sá tó ti di ṣá? Orúkọ ta sì ni wọ́n kọ sí iwájú Àwọ̀n náà?

"Fẹ́hìntọ́lá."

"Ọ̀gá."

"O mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tí mo bá yí èyí padà."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"O sì gbé e wá."

"Mo gbé e wá torí pé wọ́n fẹ́ yọ ohùn ènìyàn, Ọ̀gá. Kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀."

Ohun tó sọ yìí mú kí ó túbọ̀ fura. Nínú ìrírí Láníhùn, ẹni tó bá ní kò sí nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀, nǹkan mìíràn náà ló wà nínú rẹ̀.

Ó dúró lójú fèrèsé. Níbẹ̀ ni ọ̀nà àbáyọ ti yọ sí i, ó sì lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Ta ló sọ pé ìtìjú ni? Ta ló ní etí tó mú tó láti gbọ́ àṣìṣe tí ẹ̀rọ kò gbọ́? Kí òun má dúró títí Ìgbìmọ̀ yóò fi rí i. Kí òun fúnra rẹ̀ kéde rẹ̀. Ẹni tó hun àwọ̀n ló mọ ibi tó ti já. Ọ̀rọ̀ yẹn dára. Ó tún un sọ lọ́kàn lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa gbàgbé rẹ̀.

"A ó yí i padà," ló wí. Ṣìjúadé ti fẹ́ kúnlẹ̀, ó fọwọ́ dá a dúró. "Kò tíì tán. Fẹ́hìntọ́lá, ṣí ohùn yàrá yìí sí gbogbo ìlú."

"Sí gbogbo ìlú, Ọ̀gá?"

"Sí gbogbo òpó. Kí wọ́n gbọ́ bí a ṣe ń ṣe òdodo."

Fẹ́hìntọ́lá kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. "Ọ̀gá, ẹ mọ̀ pé òfin ní ẹni tó bá máa kọ́ Etí gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọ̀rọ̀ méjèèjì, kí Etí sì kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni. Tí kò bá bọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ẹjọ́ ti kú."

"Èmi ni mo kọ òfin náà."

"Mo mọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé…" Ó wo ilẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ jẹ́ kí n bá yín pè é. Ẹ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ láàárọ̀ yìí. Orúkọ yín ni a ó kọ síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ti yé Láníhùn báyìí. Obìnrin yìí! Ó dúró títí ọwọ́ fi kan àwo tán, ó wá fẹ́ bu òkèlè àkọ́kọ́ níṣojú gbogbo ìlú.

"O ṣeun, Igbákejì," ló wí, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ Igbákejì náà mọ́lẹ̀ dáadáa. "Ṣí ohùn."

Fẹ́hìntọ́lá mí kanlẹ̀, ó ṣí i. Níta, ohùn Láníhùn bọ́ sórí gbogbo òpó. Àwọn tó ń pọnmi dúró, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ gbé orí sókè.

"Ẹ̀yin ará Bèbè-Ẹrinlẹ̀! Ẹni tó hun àwọ̀n ló mọ ibi tó ti já. Lónìí, èmi Láníhùn ń ṣe àtúnṣe fún iṣẹ́ ọwọ́ ara mi, torí kí wọ́n má bàa dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Etí, gbọ́, kí o sì kọ́ ọ. Èkíní: sẹ́, bí ẹni tó ní òun kò mọ nǹkan. Èkejì: ṣẹ́, bí ẹni tó dá igi sí méjì."



"Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì," ni Etí wí. "Èwo ni èkejì?"

Láníhùn wo ògiri. Ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. "Ariwo wà níhìn-ín. Mo ní: sẹ́. Ṣẹ́."

"Ọ̀rọ̀ kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì rèé. Èwo ni èkejì?"

Níta, ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọlé láti ojú fèrèsé, ẹlòmíràn sì gbà á.

"Wọ́n ti ba ẹ̀rọ yìí jẹ́!" Láníhùn yí padà sí Fẹ́hìntọ́lá. "Ta ló fọwọ́ kàn án? Ìwọ ni! O ti tò ó láti àná!"

"Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

"Kí o lè sọ pé ìwọ ló ṣe é?"

"Bàbá!" Ṣìjúadé ti kúnlẹ̀ tán, ó di etí agbádá Láníhùn mú. "Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ọkọ mi ló wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí Màmá pè é. Tí ẹ bá fẹ́, a ó máa sọ ọ́ káàkiri pé ẹ̀yin lẹ pè é. N ó tilẹ̀ fi í kọrin."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Láníhùn wo Ọláòṣebìkan.  Ọkùnrin náà kàn ń wò ó lókè ọ̀já, bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó gbé omi dání tí kò sì tíì pinnu bóyá yóò fún òun mu. Ó sì dun Láníhùn pé ẹni tí òun fẹ́ gbà là kò ní ojú ọpẹ́ rárá. Ẹnu rẹ̀ là láti pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó pa á dé.

"Ọ̀fun mi gbẹ," ló wí nígbẹ̀yìn. "Igbákejì, pè é."

Fẹ́hìntọ́lá kò dìde. Ó pe méjèèjì níbi tó jókòó sí, bí ẹni ń ka iye àga tó wà nínú ilé. "Sẹ́. Ṣẹ́."

"Ọ̀rọ̀ méjì," ni Etí wí. "Mo ti kọ́ ọ. Ọláòṣebìkan sẹ́ ọ̀pá. Ohùn rẹ̀ dúró."

Ṣìjúadé já ọ̀já náà kúrò lẹ́nu ọkọ rẹ̀, kò dúró kó tú u. Ọkùnrin náà pọ́n ètè rẹ̀ lá, ó kọjú sí ògiri.

"Mo tún ń wí i," ló wí, "n kò mọ ọ̀pá yẹn rí."

"A ti gbọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Sinmi. Má tún bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ lónìí."

Wọ́n jáde lọ, ilẹ̀kùn sì gbọ́ ohùn ọkùnrin náà, ó ṣí. Láníhùn dúró láàárín yàrá, agbádá rẹ̀ wọ́ sí apá kan.

"Mo fẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ yìí wò," ló wí. "Lónìí. Mo fẹ́ mọ ìdí tí kò fi gbọ́ mi. Mo sì fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ọ pé s àti ṣ jọ ara wọn."

"Ẹnì kan ló kọ́ mi," ni Etí dáhùn. "Ní ọdún àkọ́kọ́, olùkọ́ kan ṣoṣo ni mo ní. Yóò pe ọ̀rọ̀ fún mi, yóò sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ kí n kọ ọ́. Ohùn kan náà, nígbà mìíràn s, nígbà mìíràn ṣ. Mo rò pé ìmọ̀ ló fi ń yà wọ́n, torí etí kò lè yà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi hun Àwọ̀n."

Láníhùn kò béèrè orúkọ olùkọ́ náà. Ó ní kí wọ́n tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ náà jáde fún òun, láti ìgbà tí wọ́n ti ká Àwọ̀n kúrò, bí Etí ṣe gbọ́ ọ gan-an. Nínú rẹ̀ ni òun yóò ti rí ọwọ́ ẹni tó bà á jẹ́. Bébà náà jáde, ó gùn, ó ká jọ sórí tábìlì. Fẹ́hìntọ́lá kò kà á. Ó tì í síwájú Láníhùn, ó mú àpò rẹ̀, ó jáde.

Láníhùn fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láti orí dé ìsàlẹ̀. Àmì pọ̀ lábẹ́ s nínú ọ̀rọ̀ Ṣìjúadé; ó pọ̀ nínú ti Fẹ́hìntọ́lá. Nínú gbogbo ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Láníhùn sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Etí kò gbọ́ ṣ kan ṣoṣo.